Ọmọkùnrin mẹ́fà, ọmọbìnrin kan, àti gbèsè mílíọ̀nù mẹ́jọ: iyàn tí kò tíì tán lórí Ouran

Gílóòbù ni wọ́n fi pa wá lẹ́rìn-ín ní ìpín kìíní Ouran, ànímé kan, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Japan. Haruhi Fujioka, ọmọ mẹ̀kúnnù, wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó pẹ̀lú súwẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀, awò tó tóbi ju ojú lọ, àti irun tó dà bí ẹni pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ kù. Ọkùnrin ni gbogbo ènìyàn pè é. Bí àwọn ọmọkùnrin tó yí i ká ṣe ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan pé obìnrin ni, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù kan ń tàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Èyí tàn. Òmíràn tàn. Ó wá ku ẹyọ kan, ti Tamaki Suou, olórí ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọba. Tirẹ̀ ò tàn àfìgbà tó já wọ ibi tí Haruhi ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Àbúrò mi tí a jọ ń wò ó ò rín. "Àǹtí mi," ó ní, "ẹ ò rí i pé gbogbo wọn ti mọ̀, wọ́n kàn ń fi ta ayò láàárín ara wọn ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa rín?" Mo rò pé àlejò ọ̀sẹ̀ kan ni mo gbà sílé, mi ò mọ̀ pé lọ́yà ni.

Iyàn tí àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn mìíràn ti ń jà á. Ouran High School Host Club jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Japan láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ìpín 26 péré, wọn ò sì ṣe apá kejì rí. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá béèrè pé ànímé ìfẹ́ wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀, òun ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ẹnì kan bá sì béèrè ànímé tó ti gbó, tí kò yẹ kí ọmọdé òde òní máa wò mọ́, òun náà ni wọ́n tún máa ń dárúkọ. Báwo ni eré kan ṣoṣo ṣe ń gba oríyìn àti èébú lẹ́nu ogunlọ́gọ̀ kan náà?

Ká kọ́kọ́ mọ irú ìtàn tó jẹ́. Bí ọkùnrin kan bá wà láàárín obìnrin rẹpẹtẹ tí gbogbo wọn ń fẹ́ ẹ, harem ni àwọn olólùfẹ́ ànímé ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Àgbàlá àwọn ìyàwó sultan ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Bó bá jẹ́ obìnrin kan ló wà láàárín, tí àwọn ọkùnrin sì yí i ká, wọ́n á dojú orúkọ yẹn dé, wọ́n á pè é ní reverse harem. Àwa tí a mọ ilé olórogún, ti àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí wa, a mọ bí owú rẹ̀ ṣe ń rùn. Ti èkejì ni a ò ní orúkọ fún. Ní Japan, ìwé ìtàn alálàwòrán àwọn ọmọbìnrin ló tọ́jú rẹ̀ dàgbà, géèmù kọ̀ǹpútà sì bá a gbé e. Lọ́dún 1994 ni ilé-iṣẹ́ Koei gbé Angelique jáde, géèmù tí ikọ̀ àwọn obìnrin ṣe fún àwọn obìnrin: ìwọ ni ọmọbìnrin náà, àwọn ọkùnrin arẹwà sì pọ̀ níwájú rẹ kí o mú èyí tó wù ọ́. Oníjàgídíjàgan kan wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ kan wà, agbára-má-sọ̀rọ̀ kan wà, ọ̀dọ́mọdé kan wà. Bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni Bisco Hatori wọ̀ láti lọ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló ya ìwé Ouran, tó sì kọ ọ́, nínú ìwé ìròyìn LaLa láti ọdún 2002 sí 2010, ó sì di ìwé 18. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Bones máa sọ ọ́ di ànímé, Takuya Igarashi ni wọ́n fi ṣe olùdarí, Yoji Enokido sì ni olórí àwọn tó kọ ọ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ìtàn àwọn ọmọbìnrin. Igarashi ti darí Sailor Moon rí, Enokido sì wà lára àwọn tó kọ Utena ní 1997, ìtàn ọmọbìnrin tó fẹ́ di ọmọọba ọkùnrin. Ẹni tó bá mọ̀yí ò ní yà á lẹ́nu pé ìfẹ́ kọ́ ni eré náà kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Aṣọ ni.

Ìtàn ọ̀hún rèé. Ọpọlọ ni Haruhi fi wọ Ouran. Sukọ́láṣíìpù ni wọ́n fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá rẹ̀ ò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Ó ń wá ibi tó dákẹ́ tó ti lè kàwé, nítorí àwọn ọmọ olówó ti sọ àwọn ilé ìkàwé di ọjà. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá orin kẹta tí wọ́n sọ pé ẹnikẹ́ni kì í lò, ni ewé òdòdó rósì bá fẹ́ lù ú lójú. Ọmọkùnrin mẹ́fà ló jókòó síbẹ̀ bí ère: Tamaki tí mo ti sọ, Kyoya Ootori tó ń ṣírò owó, ìbejì Hitachiin, Hikaru àti Kaoru, Honey tó jẹ́ àgbà níwèé ṣùgbọ́n tó rí bí ọmọ jẹ́léósinmi, àti Mori tí kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń gba àwọn ọmọbìnrin lálejò ni àwọn. Tíì ni wọ́n máa ń bù fún wọn, kéèkì ni, ọ̀rọ̀ dídùn ni. Haruhi ń fẹ̀yìn rìn lọ, ó fẹ́ sá, ọwọ́ rẹ̀ bá kan ìkòkò òdòdó kan. Ó fọ́. Mílíọ̀nù mẹ́jọ yen! Ní owó ìgbà náà, ó tó bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin dọ́là.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olùwòran nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ síwájú. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ Haruhi bí olorì tí àwọn ọmọọba mẹ́fà ń du. Èmi ò rí olorì kankan níbẹ̀. Ìwọ̀fà ni mo rí. Kò rówó san, wọ́n ní kó fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbèsè. Ajá ẹgbẹ́ ni Tamaki kọ́kọ́ pè é, wọ́n rán an lọ ra kọfí. Kọfí inú ike tí à ń da omi gbígbóná sí ló rà bọ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì fojú kan irú rẹ̀ rí sì pagbo yí i ká láti wo bó ṣe ń pò ó, bí ẹni tó ń wo onídán. Nígbà tí wọ́n gé irun rẹ̀ tán tí wọ́n rí i pé ojú rẹ̀ ń fani mọ́ra, wọ́n ní kó kúkú wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń gbàlejò. Bó bá kó oníbàárà 100 jọ, àwọn á pa gbèsè náà rẹ́. Kí ìpín kìíní tó parí, 100 ti di 1,000. Ẹni tó bá ti yá owó èlé rí mọ irú ìṣirò yẹn.

Eré náà mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n ń fi àwọn olówó ṣẹ̀sín ju bí wọ́n ṣe ń fi òtòṣì ṣe lọ, Haruhi ló sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí nígbà tí gbogbo wọn bá ń ṣe bí ẹlẹ́yà. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Èrò àkọ́kọ́ tí àwọn olùwòran máa ń sọ nípa eré yìí ni ta ni kó fẹ́. Ti Tamaki pọ̀ jù. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ mọ́, ó ń bẹ́ sókè bí ọmọdé, ó sì máa ń bínú wọnú igun ilé lọ jókòó kúńdú. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ó pariwo jù, àti pé ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá ọmọbìnrin tó ń fẹ́, tí kò sì mọ̀ pé òun ń fẹ́ ẹ, títí dé ìpín 26, ó yẹ kí wọ́n nà án létí. Àwọn ti Hikaru máa ń mú ìpín 16 wá bí ẹ̀rí. Níbẹ̀, Hikaru ti fi owú bínú fi Haruhi sílẹ̀, àrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ohun kan ṣoṣo tí Haruhi ń bẹ̀rù láyé sì ni àrá. Hikaru sá padà, ó bá a níbi tó sá pamọ́ sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó da kóòtù rẹ̀ bò ó lórí, ó fi ẹ̀rọ tí à ń fi gbọ́ orin sétí dí i létí. Kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Àbúrò mi sọ pé ìṣẹ́jú yẹn nìkan tó ìpín mẹ́wàá ti Tamaki. Àwọn ti Kyoya kéré, wọn ò sì pariwo. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn fẹ́ràn ọkùnrin tó mọ owó.

Kí n sọ òótọ́, ìpín tí mo fẹ́ràn jù nípa gbogbo ìjà yìí, inú eré náà ló wà. Ìpín kẹrin ni. Renge Houshakuji, ọmọbìnrin kan tó ti Faransé dé, tó ń fi géèmù àwọn ọkùnrin arẹwà ṣeré tọ̀sán-tòru, ló já wọlé, ó sì dì mọ́ Kyoya, ó ní àfẹ́sọ́nà òun ni, kìkì nítorí pé ó jọ ọkùnrin tó fẹ́ràn nínú géèmù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bojú wo gbogbo wọn, ó ní ìwà wọn kò tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwà tuntun: ìwọ, o ní láti ní ìbànújẹ́ ìkọ̀kọ̀, ìwọ, o ní láti máa ta bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀, ìwọ, o ò gbọdọ̀ dáa mọ́. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ á là, ẹ́ńjìnnì á dún, òun á sì ga sókè lórí pèpéle tó ń yí bírí, ẹ̀rín rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan. Níbo ni pèpéle yẹn ti wá, ta ló gbẹ́ ihò sábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́? Ẹnikẹ́ni ò béèrè dáadáa rí.

Renge nìyẹn, àwa sì nìyẹn. Olùwòran ni wọ́n gbé sórí pèpéle kó wá sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n rí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó yẹ kó fẹ́ Haruhi, Hatori ti fi wá ṣẹ̀fẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí mi ò fi í dá àwọn tó ń sọ pé "ìwà wọn fẹ́lẹ́ jù" lóhùn mọ́. Àmì ni ìwà wọn. Nínú eré náà gan-an ni wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ọn, bíi páálí ọjà: ti ọmọọba, ti ọlọ́kàn tútù, ti èṣù kékeré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bó páálí náà díẹ̀díẹ̀, kí a rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

Èyí ló mú kí n gba ti ìbejì ju bí àwọn kan ṣe gbà lọ. Hikaru àti Kaoru máa ń ṣe bí ẹni pé ìfẹ́ wọn sí ara wọn kọjá ti ọmọ ìyá, kí àwọn oníbàárà lè pariwo. Àwọn olùwòran kan ò lè fara da á, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n eré náà kò fi pamọ́ pé ọjà ni wọ́n ń tà: bí ilẹ̀kùn bá ti tì, ìṣe náà ti parí. Ti Honey ló le fún mi. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n yà bí ọmọ ọdún méje, tí wọ́n wá ń tà á fún àwọn ọmọbìnrin nítorí pé ó jọ ọmọdé: bí wọ́n bá ní àwàdà ni, àwàdà tó ti ṣá ni.

Ó wá ku ìjà tó tóbi jù, ti ohun tí Haruhi jẹ́. Ní ìpín kìíní náà ló ti sọ pé òun ò ka pé wọ́n rí òun bí ọkùnrin tàbí obìnrin sí. Ohun tó wà nínú ènìyàn ló ṣe pàtàkì lójú òun. Ìgbà tí ìpín náà ń parí lọ, ó tún fi ṣe àwàdà pé bóyá kí òun kúkú máa sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wò ó lóde òní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹ̀rí: wọ́n ní Haruhi kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe obìnrin, òun ni akọni wọn àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn ní rárá o, obìnrin ni, ó kàn jẹ́ obìnrin tí ọ̀rọ̀ aṣọ kò kàn ni. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjà yìí ti le jù, nítorí èdè náà kò jẹ́ kí o sọ gbólóhùn méjì nípa ènìyàn kí o tó yan he tàbí she fún un. Ẹni tó bá yan, ó ti dìbò.

Lédè Yorùbá, èmi àti àbúrò mi ti jiyàn lórí Haruhi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó fura pé a ò tíì yan nǹkan kan. Ó dé. Ó lọ. Aṣọ rẹ̀. Òun náà. "Ó" yìí ò bi ènìyàn pé kí lo gbé sábẹ́ aṣọ. Àti ẹ̀gbọ́n, àti àbúrò, ọjọ́ orí ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ẹ̀yà ara. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe ìgbéraga o, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ẹni tó máa dáná, gbogbo wa mọ̀ pé Yorùbá yan. Èdè nìkan ni mò ń sọ. Ohun tí Haruhi ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ouran láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "ó" ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ní tirẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, Bùọ̀dá Haruhi ló ń pè é.

Ní Japan gan-an, obìnrin tó wọ aṣọ ọkùnrin kì í ṣe ohun tuntun lórí ìtàgé. Ẹgbẹ́ eléré Takarazuka tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn ló ń ṣe bí ọkùnrin, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wò wọ́n. Ní ìpín kẹsàn-án, Ouran kó àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ Lobelia wá, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ tiwọn ní Zuka, wọ́n sì fẹ́ já Haruhi gbà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Wọ́n ní kí ló fẹ́ fi àwọn òmùgọ̀ wọ̀nyí ṣe? Ìbéèrè tó dára ni. Ó wù mí kí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà béèrè rẹ̀ láìsọ wọ́n di apanilẹ́rìn-ín. Bàbá Haruhi, Ranka, náà wà níbẹ̀. Ó máa ń wọ aṣọ obìnrin lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ọtí kan, kò sì fi pamọ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ló máa ń wu òun. Àwọn kan ní ẹ̀sín ni wọ́n fi í ṣe. Ẹ̀rín pọ̀ lórí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí pé òun ló dá tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ agbẹjọ́rò ti kú, ilé rẹ̀ nìkan sì ni ilé tí oúnjẹ ti ń gbóná nínú gbogbo eré yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìpín kẹjọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn Ouran pàápàá ti máa ń dákẹ́.

Etí òkun ni wọ́n wà. Àwọn géńdé kan wá ń yọ àwọn oníbàárà wọn lẹ́nu, Haruhi nìkan ló wà nítòsí, ó dìde sí wọn, wọ́n sì jù ú sómi láti orí àpáta. Tamaki bẹ́ tẹ̀lé e, ó gbé e jáde. Títí dé ibẹ̀, ó dáa. Lẹ́yìn náà ni Tamaki bẹ̀rẹ̀ sí í bínú: obìnrin ni ọ́, kí lo rò pé o lè ṣe fún ọkùnrin méjì? Haruhi ní òun ò rí àyè ro bóyá òun jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, òun wà níbẹ̀ ni. Kò yé e ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun tọrọ àforíjì lé lórí. Ní alẹ́, ó ṣèèṣì wọ yàrá Kyoya. Kyoya sọ fún un pé òun ti ra òdòdó fi bẹ àwọn oníbàárà. Haruhi ní òun á san owó náà padà. Kyoya bá pa iná, ó tì í sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó fi ara rẹ̀ san án.

Haruhi wò ó. Ó ní Kyoya kò ní ṣe é, nítorí kò sí èrè kankan níbẹ̀ fún Kyoya. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó dìde.

Àwọn tó ń gbèjà ìran yìí ní ẹ̀kọ́ ló fẹ́ kọ́ ọ, kò ní ohun búburú lọ́kàn, àti pé Haruhi mọ inú rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo gbà pé ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ nìyẹn. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní ọmọbìnrin tó ṣe ohun tó tọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ, nígbà tí àwọn géńdé yẹn ti lọ sílé wọn. Àwọn yìí ni mo wà lẹ́yìn wọn. Ní ìpín méje tó ṣáájú, eré náà ń fi àwọn ọkùnrin tó rò pé àwọn mọ ohun tó dára fún obìnrin ṣẹ̀sín ni. Ní ìpín kẹjọ, ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ẹ sì wo ohun tó fà á: owó òdòdó. Gbèsè ló tún wọlé. Kyoya ò ní rí nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ sí ẹni tí kò jẹ ẹgbẹ́ náà lówó. Ìwọ̀fà nìkan ni wọ́n lè sọ fún pé kó fi ara san án, kí wọ́n sì tún pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́.

Ní 2006, ọ̀pọ̀ olùwòran lókè òkun ò mọ ohun tí host jẹ́. Àwọn tó ń wò ó lónìí mọ̀, ìdí sì wà. Ní Kabukicho, àdúgbò afẹ́ nínú Shinjuku ní Tokyo, host ni ọkùnrin tí obìnrin ń sanwó fún kó bá òun jókòó, kó máa bu ọtí, kó máa sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣàǹpéènì olówó gọbọi ni ọjà wọn. Bí oníbàárà ò bá lówó lọ́wọ́, wọ́n á tà á ní àwìn. Àwìn á di gbèsè, gbèsè á ga, àwọn kan lára àwọn ọmọbìnrin náà á sì wọ iṣẹ́ aṣẹ́wó kí wọ́n lè san án. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo débi pé ilé aṣòfin Japan tún òfin ilé afẹ́ ṣe ní 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún náà. Ó ti di èèwọ̀ kí host lo ìfẹ́ tí oníbàárà ní sí i láti mú un náwó. Ó ti di èèwọ̀ kí wọ́n ti obìnrin sí iṣẹ́ aṣẹ́wó nítorí gbèsè. Ilé tó bá ń ṣe òwò náà láìgba ìwé àṣẹ, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 300 yen.

Ẹni tó bá ti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kó tó wo Ouran, ojú kan náà kọ́ ló máa fi wò ó. Lóòótọ́, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n, tíì ni wọ́n ń tà, àwọn ọmọbìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wọn sì lówó ju ilé ìfowópamọ́ lọ. Hatori mú iṣẹ́ náà, ó bọ́ ọtí kúrò lára rẹ̀, ó bọ́ ìbálòpọ̀ kúrò, ó fi òdòdó rósì bò ó. Ohun kan ṣoṣo tí kò bọ́ ni gbèsè, ó kàn yí i padà ni. Ní Kabukicho, oníbàárà ló ń jẹ gbèsè. Ní Ouran, ẹni tó ń gbàlejò ló jẹ ẹ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti ba eré jẹ́ fún mi." Ó tún tẹ ìpín kẹsàn-án bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ kò gùn. Ìwé Hatori ò tíì parí nígbà tí ànímé ń parí, nítorí náà Bones wá ìparí tiwọn. Éclair, ọmọ olówó kan láti Faransé, fẹ́ mú Tamaki lọ, Haruhi sì gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lé mọ́tò wọn, ó na ọwọ́ sí i lórí afárá. Ó fẹ́ já bọ́, Tamaki fò jáde, àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú odò. Wọ́n dìde, aṣọ wọn ti rin gbindin. Wọn ò fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ ara wọn. Ijó ni wọ́n jó nígbà tí wọ́n padà, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bá Haruhi jó. Àwọn olùwòran tó ń fẹ́ ìgbéyàwó pe ìyẹn ní ìyànjẹ, wọ́n sì ń tọrọ apá kejì di òní. Eré àgbéléwò tí ènìyàn gidi ṣe jáde lórí TBS, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Japan, ní 2011, fíìmù tẹ̀lé e ní 2012, kò pa òùngbẹ wọn. Lójú tèmi, ìparí yẹn ló bá ohun tó ṣáájú mu jù. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí Haruhi sáré lọ bá wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ìwé ni àwọn tó fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ níkẹyìn ní láti lọ kà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Àbúrò mi ti ń kà á. Ó ti dé ìwé kọkànlá báyìí, ó sì ní bí kì í bá ṣe Hikaru, òun á fa ìwé náà ya. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un.